Ta ló ń di pákó mú, ta ló ń fi ayùn gé e? Ọ̀rọ̀ obìnrin nídìí iṣẹ́ káfíńtà àti ilé kíkọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọbìnrin ni mí, mo ti lé díẹ̀ lógún ọdún, iṣẹ́ káfíńtà ló wù mí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ máa ta àga o. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe, kí n sì lè kan igi òrùlé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ara mi ò lè gbà á. Màmá mi ní bí mo bá kọ́ ọ tán, ta ló máa gbé iṣẹ́ fún mi? Ọ̀gá méjì ti ní kí n wá: ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù àti ilẹ̀kùn, èkejì ń kan òrùlé lórí sáìtì. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tù mí nínú, ẹ sọ bó ṣe rí gan-an. Ṣé agbára ni ìṣòro ibẹ̀ àbí nǹkan mìíràn?

* * *

Àbúrò mi, nǹkan mìíràn ni. Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, ká lè ráyè jiyàn lé e lórí. Iṣẹ́ yìí kì í lé obìnrin torí pé ó wúwo. Ohun tó ń lé wọn ni pé wọ́n á wà nídìí ẹ̀ títí, ẹnikẹ́ni ò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ibi tí iṣẹ́ gan-an wà. Ìwọ á di pákó mú, ẹlòmíràn á gé e. Ìwọ á máa fa sándípépà, ẹlòmíràn á máa gbé ilẹ̀kùn kọ́. Nígbà tó bá yá, àwọn ọmọkùnrin tẹ́ ẹ jọ wọlé ti lè dá kọ́bọ́ọ̀dù ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìwọ sì mọ ilẹ̀ gbá ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n á wá ní, "Ṣé ẹ ò rí i, obìnrin ò lè ṣe é."

Káfíńtà ni èmi náà, obìnrin sì ni mí. Mo ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́kùnrin lóbìnrin. Ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti fèsì sí ìbéèrè rẹ, màá dá àwọn náà lóhùn níbí.

* * *

Mo mọ̀ pé wọ́n máa kó ọ̀rọ̀ agbára jáde, wọ́n sì ti kó o jáde. "Ọlọ́run dá ọkùnrin lágbára ju obìnrin lọ, kò sí àríyànjiyàn." Ó dáa, mi ò bá yín jiyàn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin lè gbé ohun tí ọ̀pọ̀ obìnrin ò lè gbé. Ìbéèrè tèmi ni pé, ta ló ń gbé ẹrù lórí sáìtì?

Ẹ wo Íńdíà. Àìmọye obìnrin ló ń ru bíríkì àti kọnkéré lórí níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé níbẹ̀, tí wọ́n ń rù ú gun òkè láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó mú tírówẹ̀lì lọ́wọ́, tó ń to bíríkì yẹn lérí ara wọn, ọkùnrin ni lọ́pọ̀ ìgbà. Owó ẹni tó ń tò ó sì ju owó ẹni tó ń rù ú lọ. Tó bá jẹ́ agbára ló ń pín iṣẹ́ fún ènìyàn, ṣebí obìnrin ni ìbá máa tò ó, kí ọkùnrin máa rù ú. Ẹrù tó wúwo ò ṣòro fún wọn láti gbé lé obìnrin lórí. Tírówẹ̀lì ló ṣòro fún wọn láti fi lé e lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ ti ìwọ̀n, torí bọ̀dá kan fi àpò sìmẹ́ńtì kílò 50 halẹ̀ mọ́ ọmọ yìí. NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ààbò ẹnu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi kílò 23 ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ máa fọwọ́ gbé, nígbà tí gbogbo nǹkan bá rọgbọ: kí ẹrù sún mọ́ra, kí ẹ̀yìn má yí, kí ọwọ́ rí i dì mú dáadáa. Wọn ò ya obìnrin sọ́tọ̀ níbẹ̀. HSE, àjọ ààbò ẹnu iṣẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya wọ́n sọ́tọ̀ ní tiwọn: kílò 25 fún ọkùnrin, 16 fún obìnrin, tí ẹrù bá wà níwọ̀n ìbàdí tó sì sún mọ́ra. Nítorí náà, àpò kílò 50 tí bọ̀dá wa ń fi yangàn, ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n kà sí ààbò fún òun fúnra rẹ̀ ni. Kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà tó ti dàgbà bí ẹ̀yìn wọn ṣe rí. Ibi tí àpò kílò 25 ti wà, kò sẹ́ni tó sọ pé ilé ibẹ̀ ń wó.

Ní ti káfíńtà, ohun tó máa kọ́kọ́ dá ọ lágara ni páálí plywood ẹsẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Èyí tó nípọn lára wọn lè sún mọ́ kílò 30, àmọ́ fífẹ̀ rẹ̀ ló burú jù, ọwọ́ ò ká a. Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń fi kọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó ní ìdìmú lókè. Mo ní méjì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú un wọ ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Báyìí, wọ́n ń já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Èyí tí mi ò bá sì fẹ́ gbé odindi, mo máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí fóòmù, kí n fi ayùn oníná là á sí méjì níbẹ̀ kí n tó gbé e dé orí tábìlì iṣẹ́.

Kí n tó gbàgbé, òòlù ọ́ńsì 16 tó ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ọ́ ní ti ọ́ńsì 22 torí pé ó ń dún dáadáa. Ọrùn ọwọ́ rẹ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

* * *

"Kí ni obìnrin tíì kọ́ rí láyé yìí?"

Ẹni tó béèrè èyí ò fẹ́ ìdáhùn, àmọ́ màá dá a lóhùn. Afárá Waterloo wà lórí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Ogun Àgbáyé Kejì ká iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ibi tó dé, àwọn ọkùnrin lọ sójú ogun, ni wọ́n bá kó obìnrin wọlé. Wọ́n ṣe wẹ́dà níbẹ̀, wọ́n gbẹ́ òkúta, wọ́n ṣiṣẹ́ kọnkéré. Nígbà tí wọ́n ń ṣí i ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, Herbert Morrison, igbákejì olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, dìde sọ̀rọ̀, ó yin àwọn ọkùnrin tó kọ́ ọ. Àwọn obìnrin ò gbọ́ orúkọ ara wọn. Ẹnu àwọn tó ń tukọ̀ lórí odò yẹn ni ìtàn náà wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ló ń pè é ní Afárá Àwọn Obìnrin.

Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ogun tán, wọ́n sì ní kí àwọn obìnrin náà máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó sọ pé iṣẹ́ wọn ò dáa. Afárá yẹn ṣì dúró, mọ́tò sì ń gba orí rẹ̀ kọjá.

* * *

Ẹlòmíràn ní òfin ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ tipẹ́, àwọn obìnrin ni ò wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí ní apá kan tó jóòótọ́, mi ò ní sáré gbé e jù nù.

Lọ́dún 1978, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí àwọn kọngílá tó bá gba iṣẹ́ ìkọ́lé ìjọba àpapọ̀ sapá kí obìnrin máa ṣe ìdá 6.9 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí iṣẹ́. Iye yẹn ò yí padà fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò sì débẹ̀. Títí di àkókò yìí, obìnrin ò tíì tó 5 nínú 100 àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ ìkọ́lé níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti kọ 10 tàbí 11, wọ́n ti ka akọ̀wé àti oníṣirò owó mọ́ ọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, wọ́n fagi lé àṣẹ ààrẹ tí ìlànà náà dúró lé.

Èmi ò fi gbogbo ara gbọ́kàn lé iye báyìí. Òfin lè mú ọ wọ ẹnu géètì. Fọ́mánì ló máa sọ ohun tí o máa ṣe láti ibẹ̀ lọ. Mo mọ kọngílá kan tó gba obìnrin mẹ́ta síṣẹ́ nígbà tí àwọn alábòójútó fẹ́ wá, ó wọ̀ wọ́n láṣọ iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní, ó ní kí wọ́n máa gbé àsíá dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n kà wọ́n mọ́ òṣìṣẹ́ ìkọ́lé. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n ń kọ iye ìgbà tí wọ́n fún ẹnì kan ní ayùn sí.

* * *

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mò ń pè ní iṣẹ́ gan-an, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀sùn lásán ni mò ń kà sí ọkùnrin lọ́rùn.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ káfíńtà ni ẹni tó lè wo ògiri òfìfo, kó kọ gbogbo pákó tó máa gé sínú ìwé, gígùn àti fífẹ̀, kí wọ́n sì bára mu nígbà tó bá tò wọ́n. Abẹ ayùn orí tábìlì máa ń jẹ tó mìlímítà 3 nínú igi nígbàkígbà tó bá gbà á kọjá. Ẹni tí wọn ò sọ ìyẹn fún, yóò gé pákó mẹ́wàá láti ara páálí kan, èyí tó kẹ́yìn á sì kúrú, kò ní mọ ohun tó fà á. Bákan náà ni igun òrùlé: wọ̀n ẹsẹ̀ 3 sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ 4 sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tí èyí tó dábùú láàárín wọn bá jẹ́ ẹsẹ̀ 5 géérégé, igun náà gún. Fírémù ilẹ̀kùn ńkọ́? Wọ̀n ọ́n láti igun dé igun ní ọ̀nà méjèèjì. Tí iye méjèèjì ò bá dọ́gba, ó ti wọ́ nìyẹn, má tíì kàn án.

Ta ló nílò iṣan apá fún èyí? Inú ọ̀rọ̀ báyìí ni owó iṣẹ́ wà. Ìsọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n máa ń sọ láàárín ara wọn nígbà tí wọ́n bá rán ọmọbìnrin lọ ra omi.

* * *

Àǹtí kan dá sí i, mo sì mọ̀ pé inú rere ló fi sọ ọ́: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ obìnrin mọ́ ju ti ọkùnrin lọ. Fínísìn wa ò lẹ́gbẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ẹ bá mi gbé ìyìn yẹn kúrò. Mo ti rí obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ rí jákujàku, mo ti rí ọkùnrin tí ojú ìsopọ̀ igi rẹ̀ ò gba irun orí kọjá. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ìyìn yẹn gan-an ni wọ́n fi ń sé wa mọ́ ìdí ọ̀dà àti sándípépà. "Ọwọ́ rẹ mọ́, wá bá wa kun èyí." Ọjọ́ ń lọ, oṣù ń lọ, kíkùn lo ṣì ń kùn. Eruku igi kì í sì í ṣe ohun eré. Láti ọdún 1995 ni IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, èyí tó ń mú ihò imú. Ẹni tó ń fa sándípépà ló ń mí i símú. Dípò ìyìn yẹn, béèrè ìbòmú tó lẹ̀ mọ́ ojú rẹ dáadáa.

* * *

Ọ̀rọ̀ aṣọ àti ohun ààbò ti dá ìjà sílẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní "akoto ni akoto" ò tíì gun òkè pẹ̀lú bẹ́líìtì ààbò tí wọ́n rán fún ẹlòmíràn. Tí okùn itan rẹ̀ bá tú, tí okùn àyà sì sún gun ọrùn, ènìyàn lè yọ jáde nínú rẹ̀ nígbà tó bá já bọ́. Bàtà tó tóbi ń fi ẹsẹ̀ kọ́ ìṣó. Ìbọ̀wọ́ tó tóbi burú ju àìwọ̀ rárá lọ, àti pé ẹnikẹ́ni, lọ́kùnrin lóbìnrin, ò gbọdọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ nídìí abẹ tó ń yí. Tó bá gbé aṣọ, yóò fa ọwọ́ mọ́ ọn. Irun ńkọ́? Dì í mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ó pẹ́ kí àwọn aláṣẹ tó gbọ́. Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni OSHA, àjọ tó ń ṣòfin ààbò ẹnu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tó kọ ọ́ sínú òfin iṣẹ́ ìkọ́lé ní kedere pé ohun ààbò gbọ́dọ̀ bá ara ẹni tó wọ̀ ọ́ mu, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín jù, mi ò sì rí ẹ̀rín níbẹ̀. Obìnrin tí kò rí ibi tó máa tọ̀ sí kò ní mu omi. Ẹni tí kò bá mu omi nínú oòrùn, òòyì á kọ́ ọ lórí àkàbà, tàbí kí àrùn ọ̀nà ìtọ̀ máa yọ ọ́ lẹ́nu lóṣooṣù. Mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń díye iṣẹ́: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan tí ènìyàn lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ látinú. Fọ́mánì kan ní mò ń ṣe fújà. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, òun ló kọ́kọ́ wọ ibẹ̀.

* * *

Ìyàwó ilé kan béèrè nípa oyún. Àwọn kan ti ní kó má sọ fún ọ̀gá títí ikùn á fi hàn, kí wọ́n má bàa lé e. Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọmọ ń ṣe ẹ̀yà ara, àkókò yẹn gan-an ni òórùn tínà àti ọ̀dà, pẹ̀lú eruku ọ̀dà àtijọ́ tó ní òjé nínú, léwu jù. Sọ fún dókítà, kí o ka gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ ń kàn fún un. Lẹ́yìn náà ni kí o bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, kí ìwọ fúnra rẹ sì ti mú iṣẹ́ tí o lè máa ṣe dání: wíwọn ilé oníbàárà, yíya àwòrán, kíkọ ìwé ìgé, ríra igi. Tí o kò bá tíì mọ èyíkéyìí nínú wọn, ilé ni wọ́n máa ní kí o lọ. Ṣé ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń yí padà sí?

Ti ọ̀gá tó ń fọwọ́ pa ènìyàn lára kò gùn. Ọ̀gá tó bá ní kí o wá kọ́ nǹkan nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ sílé, má lọ. Kò sí ohun tí a ń kọ́ nídìí igi ní òru tí a ò lè kọ́ lọ́sàn-án. Sọ fún àwọn ará ilé rẹ lọ́jọ́ náà gan-an, má sì padà síbẹ̀ ní ìwọ nìkan.

* * *

Ìbéèrè màmá rẹ: ta ló máa gbé iṣẹ́ fún ọ?

Àwọn oníbàárà á wá. Ohun tó máa bí ọ nínú ni pé wọ́n á wo ọmọkùnrin tó bá ọ gbé àpótí irinṣẹ́, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́." Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi kan ti gba ìkíni mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní kó máa bá mi gba owó náà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mò ń ṣe ni pé èmi ni mo ń yọ tépù. Mo ń wọn ògiri lójú wọn, mò ń pe iye rẹ̀ sókè kí ọmọkùnrin yẹn máa kọ ọ́. Kí a tó dé igun kejì, wọ́n ti mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n bá sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan nínú yín ní ọkọ òun ni òun ń rán lọ dúnàá-dúrà, torí wọ́n máa ń já owó lulẹ̀ tí wọ́n bá rí obìnrin. Mo gbà pé wọ́n ń já a lulẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ mìíràn bá tún dé, fóònù ọkọ ni wọ́n máa pè. Tí ẹ̀yin méjèèjì ò bá sí pa pọ̀ mọ́ lọ́la, ta ló ni àwọn oníbàárà yẹn? Kọ iye rẹ sórí ìwé, pín in sí igi, irin, iṣẹ́ ọwọ́ àti ọkọ̀. Ó ṣòro láti já iye tí ènìyàn rí ìdí rẹ̀ lulẹ̀.

* * *

Àbúrò mi padà wá. Ó ní òun ti bá àwọn ọ̀gá méjèèjì sọ̀rọ̀. Ti ṣọ́ọ̀bù kọ́bọ́ọ̀dù fi ohùn tútù dá a lóhùn, ó pè é ní ọmọ òun, ó ní kó fi ọdún méjì kọ́ sándípépà àti ọ̀dà, "lẹ́yìn náà a óò wò ó." Ti òrùlé wo òkè wo ilẹ̀, ó ní òun ò gbà pé ó lè ṣe é, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá sọ́dọ̀ òun ń gba tépù àti ayùn ọwọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹni tí kò bá lè gé e á sì rí i fúnra rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ yín ti ní kó lọ sọ́dọ̀ onísùúrù. Wọ́n ní gbogbo ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló ń gbálẹ̀, kí ó má ṣe ìgbéraga. Òótọ́ ni, gbogbo wa la gbálẹ̀. Nítorí náà, kí ó lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn fún ọjọ́ kan, kó wá ọmọkùnrin tó wọlé láìpẹ́, kó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí òun náà bá ń fa sándípépà, mo gba ọ̀rọ̀ yín. Tó bá jẹ́ abẹ́ máṣìnì ló wà, a jẹ́ pé ọdún méjì yẹn, obìnrin ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Tó bá jẹ́ èmi, ọ̀dọ̀ ọlọ́rọ̀ líle ni màá lọ. Kò gbà mí gbọ́, àmọ́ yóò fún mi ní ayùn. Ohun kan ṣoṣo ló lè yí èrò mi padà. Jíjábọ́ láti òkè ló ń pa òṣìṣẹ́ ìkọ́lé jù ní Amẹ́ríkà, nítorí náà béèrè bẹ́líìtì ààbò lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó gbà. Tí kò bá ní rárá, wá ọ̀gá kẹta. Tó bá ní, gbé e wọ̀ lójú rẹ̀, fa okùn itan rẹ̀ dé òpin. Tó bá ṣì tú, sọ fún un pé kó ra èyí tó kéré sí i kí o tó gun òrùlé.